Àkọ́rọ̀ Òjò, Ẹyẹ àti Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Gbọ̀ngán Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ bí owó oṣooṣù ṣe máa ń ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ló mú wa dé ibi tí a dé yìí.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ ohun tó lè ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní. Wọ́n rò pé owó la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ilé ìfowópamọ́ la ti ń jẹun. Owó á wọ inú ọ̀rọ̀ náà tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹyẹ la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àti ọgbà, àti fífi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀yìn ìlú lásìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí.

A ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrìn àárọ̀ Sátidé wá sí ìpàdé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan béèrè bóyá mọ́tò wa ló bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní ìwà òyìnbó ni kí ènìyàn máa wo ẹyẹ láì mú ìbọn lọ́wọ́.

Lóòótọ́, òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní London sọ fún wa pé tí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, tí wọ́n bá ti sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, ńṣe ni ìlú máa ń yí padà. Igi tó ti wà ní ìhòòhò láti oṣù kọkànlá á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Òdòdó kan tó pọ́n rúsúrúsú, tí wọ́n ń pè ní daffodil, á bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn arúgbó á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á gba ọ̀nà oko lọ, wọ́n á máa dẹtí sí ẹyẹ kan tó ń jẹ́ cuckoo, nítorí ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìgbà ìrúwé ti dé.

Ẹyẹ yìí gan-an la fẹ́ kí ẹ bá wa wò. Láti ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn British Trust for Ornithology, ti ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ nígbà òtútù. Wọ́n rí i pé igbó Kóńgò ló ń sá lọ. Nígbà tó bá sì ń padà sílé, kò lè dá aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láì kọ́kọ́ jẹun yó. Nítorí náà, á yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, lásìkò tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti mú kí kòkòrò pọ̀ lórí ewé. Tó bá yó tán, á fò lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: òjò tiwa, tí à ń sá fún nítorí gèlè àti bàtà, ló ń bọ́ ẹyẹ ìgbà ìrúwé tiwọn kó tó délé.

Àwa náà ní ẹyẹ tó ń kéde àsìkò. Ẹlulùú ni, ìbátan cuckoo sì ni, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n sí. Ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí bí ẹ ò tiẹ̀ rí i. Láàárọ̀ tí ojú ọ̀run bá ṣú, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ohùn náà á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu kèrègbè. Àwọn àgbà ní òjò tí ẹlulùú bá fà, orí ara rẹ̀ náà ni yóò rọ̀ lé. Ẹni tó pa irú òwe bẹ́ẹ̀ ti ní láti jókòó gbọ́ ẹyẹ náà dáadáa, kó sì wò ó títí òjò fi pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ wa ní wíwo ẹyẹ.

Ó kàn jẹ́ pé orúkọ ló kù lẹ́nu wa, ojú wa kò mọ àwọn tó ń jẹ́ ẹ mọ́. Ta ni kò tíì ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n fi agbe, àlùkò àti lékèélékèé gbà níbi ìsọmọlórúkọ? Aró, osùn, ẹfun. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí agbe rí nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngán yìí, àfàìmọ̀ ni ọwọ́ fi máa tó márùn-ún. Ohun kan tún wà nípa osùn àlùkò yẹn tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kà á: àwọ̀ pupa tó máa ń wà níyẹ̀ẹ́ apá àwọn ẹyẹ ìdílé rẹ̀, bàbà gidi wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Ní ti lékèélékèé, àwa tí a ti lé lógójì ọdún ṣì rántí bí a ṣe máa ń na ọmọ ìka sí i pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ṣe é rí. Ẹ tètè fi hàn wọ́n, nítorí tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn lékèélékèé á gba ìhà àríwá lọ, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Lẹ́yìn gbọ̀ngán tí a jókòó sí yìí, igi máńgòrò mẹ́ta àti ọ̀pẹ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mọ́tò sẹ́yìn ti gbọ́ ariwo. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ni. Ọdọọdún, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dé sórí ọ̀pẹ náà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Akọ wọn ló ń kọ́lé. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á hun ún bí ẹni ń hun agbọ̀n, á fi ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀. Tó bá parí, á so rọ̀ lábẹ́ ilé náà, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ apá, á máa pariwo kí abo lè wá yẹ ilé wò. Abo á wọlé, á wò ó yíká, á tún fi ẹnu fa ibì kan wò bóyá ó le. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí abo kankan kò bá gbà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, á tún òmíràn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin inú ẹgbẹ́ yìí tí ẹ ń ráhùn pé ìyàwó kò fẹ́ràn àwọ̀ ọ̀dà tí ẹ kun ilé, ẹ lọ wo ohun tí ojú ẹ̀gà ń rí.

A mọ̀ pé àgbẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀gà. Ó ń ya ọ̀pẹ, ó ń jẹ àgbàdo. Àwọn tó ń sùn ní ilé kejì náà kò fẹ́ràn ariwo rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó dùn tó o, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀gà pọ̀, kò ní tán lọ́la. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tí ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 1958, J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ̀wé nípa ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ kò tíì kà sílẹ̀ rí, ó dúdú, orí àti àyà rẹ̀ sì pupa. Ó fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Ìdílé ẹ̀gà ni. Ní gbogbo ayé, kò sí ibi tí ó wà àfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa níbí. Igbó tí a ti gé ti mú kó di ohun tí à ń wá kiri, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n sì ti máa ń rí i ni igbó tí ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, IITA, fi sílẹ̀ láì gé nínú ọgbà wọn ní Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ẹyẹ tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ìlú rẹ̀! Òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó, àwa sì ń gba ẹnu ọ̀nà IITA kọjá lọ sí òde àríyá.

Ìrìn wa ńkọ́? Sátidé àkọ́kọ́ àti ìkẹta nínú oṣù ni. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin. Nígbà míì a máa ń tó ogún, nígbà míì mẹ́rin yẹn náà la tún máa ń jẹ́, pàápàá tí òde bá pọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí a gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Òkè-Ẹ̀rí, ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, nígbà tí a lọ rìn nínú yàrà Erédò Súngbọ́.

Ẹ̀yin àlejò wa, tí ẹ kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, ìyẹn ga ju ilé alájà márùn-ún lọ, ọwọ́ lásán àti ọkọ́ ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Ìtàn ìdílé wa so ó mọ́ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, tó fi ṣe ìrántí ara rẹ̀. Èyí tí ìwé kì í sọ ni bí inú rẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Òjò ti rọ̀ ní òru ọjọ́ tí a lọ. Ara odi méjèèjì tutù, ewé kéékèèké bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́ bíi tìmùtìmù. Igi tó wà lórí odi ọ̀tún àti tòsì ti na ẹ̀ka pàdé lókè orí wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di àwọ̀ ewé. Ikán tó hu ìyẹ́ ń tú jáde nínú ilẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń já wọn gbà lófuurufú. Ẹnì kan nínú wa, tí a kì í gbọ́ kí ó dákẹ́ ní ìpàdé, kò sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

Bàbá àgbẹ̀ kan tó mú wa lọ ló fi àtíòro méjì hàn wá lórí igi. Ó ní tí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, inú ihò igi ló ń wọ̀, wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà pa, á ku kìkì ojú kan tóóró tí akọ á máa gbà fún un lóúnjẹ. Ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ kó tó jáde. A lọ wá a nínú ìwé nígbà tí a délé, gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́ náà ló wà níbẹ̀. Bàbá kò ka ìwé kankan. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé tí wọ́n bá gé igi ńlá tó ní ihò tán, níbo ni àtíòro á yé ẹyin sí. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú wa.

Ọ̀rọ̀ gígé igi ló kàn báyìí, ibẹ̀ la ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé ìdábàá kan wà níwájú ìgbìmọ̀ pé kí a gé máńgòrò mẹ́ta àti ọ̀pẹ méjì yẹn, kí a fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà, kí a fa àtíbàbà sí i, kí a máa fi háyà fún àwọn tó bá ń ṣe ìnáwó. Àwọn tó mú un wá fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bú wọn. Wọ́n ń wá ohun tí yóò máa mú owó wọlé. Àwa náà fẹ́ owó.

A fi iṣẹ́ wa wò ó. Owó íńtálọ́ọ̀kì kò sí nílẹ̀, a ó yá a ni, èlé tí ilé ìfowópamọ́ ń gbà nísinsìnyí kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣòwò nínú yín. Ẹ ka iye gbọ̀ngán ayẹyẹ tó wà láti ibí dé gáréèjì. Gbogbo wọn ló ń du Sátidé kan náà, kò sí ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní ọjọ́ Túsìdé. Tí ẹ bá ní kí a fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báńkì tó fẹ́ yá ènìyàn lówó, a ò ní fọwọ́ sí i.

Omi tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tó mítà 20 sí mítà 15, ìyẹn 300 mítà ní ìlọ́po méjì. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mìlímítà 50, lítà 15,000 ló dà sórí rẹ̀. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n, 600 kẹ́ẹ̀gì ni. Lónìí, ilẹ̀ àti gbòǹgbò igi ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí a bá fi kọnkéré àti òkúta tẹ́ ẹ, kò ní síbi tó máa gbà ju ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo wa la sì mọ ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà fún wa lọ́jọ́ ìpàdé, tó tún máa ń gbà wá láyè láti jókòó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí a kò tíì ní gbọ̀ngán, omi ti wọ yàrá rẹ̀ ní oṣù keje tó kọjá. Igi ṣì wà nígbà yẹn o.

Ohun tí a fẹ́ dípò rẹ̀ kò nira. Kí igi dúró. Kí a gbin pèrègún yí ilẹ̀ náà ká, nítorí kò nílò ìtọ́jú, ewé rẹ̀ sì máa ń tutù. Kí àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ gba apá tí oòrùn ń dé, kí wọ́n fi efinrin, ewúro, ewédú, ata àti ilá síbẹ̀. Òjò ti rọ ilẹ̀, oṣù yìí gan-an ni àsìkò rẹ̀. Kí a gbin òdòdó pupa olójú gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí ẹyẹ kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí ara rẹ̀ ń kọ mànà bí aṣọ sányán tuntun nínú oòrùn, oje inú irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá mu. Kí a gbé bẹ́ǹṣì mẹ́fà sábẹ́ máńgòrò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ háyà ibẹ̀ fún ìkómọ kékeré lábẹ́ igi, ẹ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a ò ní kí ẹ má gbà á.

Ìdí mìíràn wà tí a ò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ. Láàrin ọdún mẹ́wàá, a ti sin ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sí èyí tó pé àádọ́ta ọdún nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa méjì. Gbogbo ọdún ni a ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, a ń ra bàtà, a ń ra fìlà, ara tí a fẹ́ fi aṣọ náà bò là ń gbàgbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú rìn kánmọ́kánmọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn kò tó ìdajì àkókò tí à ń lò nídìí tábìlì ní òde kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́ta yẹn, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló gbin máńgòrò tó wà láàrin, ní ọdún tí a ra ilẹ̀, ó sì so ní ọdún yìí fún ìgbà kẹta.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ìdábàá náà yóò wá fún ìdìbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó ọdún rẹ̀ ló lè dìbò, akọ̀wé owó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé rìsíìtì báyìí. Kí ìdìbò náà tó dé, a bẹ yín, ẹ gba ẹ̀yìn gbọ̀ngán kọjá bí ẹ bá ń lọ sílé lónìí. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún péré lábẹ́ ọ̀pẹ. A ka ìtẹ́ ẹ̀gà tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mọ́kànlélógún ni, méjì nínú wọn ni akọ ń tú lọ́wọ́.

Ìrìn Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ó pàdé níwájú gbọ̀ngán, Òkè-Ẹ̀rí la tún ń lọ. Bàtà tó di ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, ilẹ̀ yàrà ń yọ̀. Ẹ mú omi dání, ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ìyá alákàrà ti ṣèlérí pé òun á dín tiwa sílẹ̀ kí a tó dé.